Oríkèé Ìka Delrose

Ní oṣù tí máńgòrò ń já tí kò sẹ́ni tó ń ṣà á,
Delrose wọ súwẹ́tà jáde lọ́sàn-án gangan.
Ní Morant Bay, nílẹ̀ Jàmáíkà, níbi tí oòrùn ti ń yọ́ ọ̀dà ojú títì,
ó wé ìborùn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún,
ó ní òtútù ń mú òun.
Àwọn awakọ̀ tó ń dúró de èrò rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀,
mo mọ ohun tó ń kù sára rẹ̀ láàárọ̀:
àbàwọ́n kọ́rì, òórùn ọṣẹ ìfọyín,
àti nǹkan mìíràn tó ń ta ni nímú.

Inú agolo mílíìkì ló ti ń pò ó,
lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀fúùtù tí ìyá wa gbìn.
A máa ń yan èso rẹ̀ lórí ẹ̀yinná títí yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò,
a ó fi ọ̀bẹ bó o, funfun inú rẹ̀ á máa rú èéfín.
Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.
Delrose, bẹ̀rẹ̀fúùtù là ń bó.
Kò sí oúnjẹ lábẹ́ ara tìrẹ.
Ẹ̀jẹ̀ ni.

"Verona," ló wí, "ìwọ ò rí i ni?
Iwájú kántà ni wọ́n fi Trudy-Ann sí nílé búrẹ́dì,
èmi tí mo mọ owó kà jù ú lọ, ìdí ààrò."
Mi ò fèsì. Òótọ́ ni.
Ní kíláàsì kẹta, tíṣà tò wá fún fọ́tò:
àwọn pupa níwájú, àwa lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ òjìji òrùlé.
Ìyá wa ra fọ́tò náà síbẹ̀.
Ó fi gègé yí orí àwa méjèèjì ká
kí àlejò lè rí wa.

Sátidé tó ṣíwájú Àjíǹde, etí páànù ya apá Delrose
láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.
Dókítà gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ara fà ya.
Ó tún gún un níwájú díẹ̀. Ó tún ya,
bí bébà tí òjò pa.
Èmi tí mo ń ránṣọ jẹun, mi ò rí aṣọ tó gbó tó bẹ́ẹ̀ rí,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì ni.
Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀: "Ta ló tà á fún ọ?"
Delrose kọjú sí ògiri.

Àwọ̀ ni wọ́n tà fún un.
Awọ ló fi san owó rẹ̀.

Lóru, mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.
Ojú pupa, ọrùn pupa, apá tótòtó bí ẹyin awó,
ṣùgbọ́n oríkèé ìka, wọ́n kọ̀.
Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí kóró iṣin.
Mo mọ̀ wọ́n.
Ti Icilda ni, ìyá wa,
tó fi wọ́n kan ilẹ̀kùn tíṣà lọ́jọ́ kejì fọ́tò yẹn,
tó fi wọ́n ń kàn wá lórí nígbà tá a bá purọ́.
Ó ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Níbẹ̀ ló sá pamọ́ sí,
níbi tí ìpara ò mọ ọ̀nà dé.

Mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
bí mo ṣe ń ka bọ́tìnnì kí n tó gbé aṣọ fún oníbàárà.
Wọ́n pé.

Nígbà tó jí, ó ní kí n fún òun ní súwẹ́tà òun.
Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé.
Ó sì wà nínú báàgì, lábẹ́ àga mi.
Delrose wò mí, ó wò mí títí,
ó gbé ọwọ́ tó kù sókè,
ó sì fi oríkèé ìka kàn mí lórí,
lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.